Tọ́bò àbí ẹ́ńjìnì tó ń mí fúnra rẹ̀: ohun tí mo rí kọ́ lórí kíkọ́ ọkọ̀ asáré ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ asáré ní Àjàṣẹ́, iye ẹṣin (agbára ẹ́ńjìnì) tó ń wá kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Ẹ̀sáǹsì ni. Kpayo, ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé, tó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì láti Wàndó títí dé etí ọ̀sà, kò sí ojú tó lè wò ó kó mọ iye ọ́kítéènì inú rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè fara dà á tó kó má bú gbàù ṣáájú àkókò. Ìgò àná lè dára, kí tòní ti ní àbùlà epo òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba epo òyìnbó díẹ̀ ti tó láti já ọ́kítéènì lulẹ̀. Omi tún lè wà nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, pàápàá lásìkò òjò. Ọkọ̀ tí ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ (ìlọ́po tí písítìn ń fún afẹ́fẹ́ àti ẹ̀sáǹsì pọ̀) kò ga á mu ún, á sì máa lọ. Ẹ́ńjìnì tí a ti tún kọ́ kì í gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà fi tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì) sílẹ̀, kó kọ́ ẹ́ńjìnì tó ń mí fúnra rẹ̀, ìyẹn aláìní-tọ́bò. Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Ìfúnpọ̀ tí a bá fi písítìn gbé ga, ó ti di ara ẹ́ńjìnì. Kò sí ohun tí a lè tẹ̀ láti dín in kù lọ́jọ́ tí ẹ̀sáǹsì bá burú. Búùsìtì, ìyẹn agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, ṣeé dín kù. Èyí tí ìrírí fi yé mi ni pé tọ́bò kékeré lórí ìfúnpọ̀ 9:1 tàbí 9.5:1 ń fara da ẹ̀sáǹsì ìhín ju ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò tí wọ́n gbé ìfúnpọ̀ rẹ̀ dé 11:1 lọ. Ibi tí tọ́bò ti ń fìyà jẹ ènìyàn ni ooru àti ọ́ìlì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ kì í náwó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Oldsmobile Jetfire ti ọdún 1962 wà lára ọkọ̀ alátọ́bò àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ìlú. Ìfúnpọ̀ 10.25:1 ni wọ́n fi sínú rẹ̀, torí náà wọ́n ní láti fi táńkì omi tí wọ́n pò mọ́ mẹtanóòlù kún un, tí ẹ̀rọ ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ kí ẹ̀sáǹsì má baà bú gbàù ṣáájú àkókò. Bí omi náà bá tán, ọkọ̀ á dín búùsìtì rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Porsche gba ọ̀nà míì: 911 Turbo ti ọdún 1975 ní ìfúnpọ̀ 6.5:1 péré. Ó fara da búùsìtì dáadáa, àmọ́ kí tọ́bò tó jí, sùúrù ni awakọ̀ ń ní. Ìjà tí àwọn méjèèjì jà náà ni à ń jà níbí, àyàfi pé ẹ̀sáǹsì tiwọn ṣeé gbára lé ju tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnì kan ṣe òṣùwọ̀n, kí ọ̀rọ̀ má baà fò lókè: Mazda MX-5 1.8 ti ọdún 1999. Cc 1839 ni, ihò sìlíńdà jẹ́ 83 mm, ìrìn písítìn jẹ́ 85 mm, ìfúnpọ̀ 9.5:1, nǹkan bí ẹṣin 140 ní ìyípo 6500 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò tó wúlò jù lọ fún akọ́lé ẹ́ńjìnì ni pé kí a fi agbára yíyí (Nm) sọ ìyípo di púpọ̀, kí a pín in sí 9549, kilowatt ló máa jáde. Tọ́bò kékeré tó fúnni ní 250 Nm ní ìyípo 5500 ń mú kilowatt 144 wá, ìyẹn ẹṣin 196. Ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò tó ń rìn ní títì kì í sábà kọjá 100 Nm lórí lítà kan. Bí a bá rí 170 Nm dì mú títí dé ìyípo 7500, kilowatt 133 nìyẹn, ẹṣin bíi 181. Ẹ wò ó dáadáa: èkíní rí tirẹ̀ láìkọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi ààlà ìyípo sí. Èkejì ní láti sáré kọjá ibẹ̀, sáré náà sì ní owó tirẹ̀.

Owó náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ ṣáájú. Agbára tó ń fa ọ̀pá písítìn yà ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po ara ìyípo. Láti 7000 sí 8000, ìyípo fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tó ń fa bóòtù ọ̀pá fi ìdá 30 pọ̀ sí i. Písítìn tó ń rìn 85 mm ń sáré 20.4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 7200, ó ń sáré 22.7 ní 8000. Nítorí náà ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò tó fẹ́ dé 7500 kò lè fojú fo bóòtù ọ̀pá tuntun, sípíríǹgì fáàfù tó le jù ti tẹ́lẹ̀, pọ́ǹpù ọ́ìlì tó dára àti kíránkì (ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ tí písítìn ń yí) tí wọ́n ti bálánsì. Bí sípíríǹgì bá rọ̀, fáàfù kò ní tètè padà sí ijókòó rẹ̀, písítìn á bá a lọ́nà. Ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn kò nílò àlàyé.

Lẹ́yìn ìyípo, ìfúnpọ̀. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnì wa jẹ́ cc 459.75. Ní 9.5:1, ààyè tó ṣẹ́kù lókè písítìn jẹ́ cc 54.1, ní 10.5:1, cc 48.4. Cc 5.7 la fẹ́ mú kúrò. Wọ́n á ní kí ẹ lọ fá orí ẹ́ńjìnì, torí owó rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ fífá 1 mm kì í mú ju cc 4 sí 5 lọ, ó sì ń sún káàmù (ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù) mọ́ kíránkì, bẹ́ẹ̀ni bẹ́líìtì á dá káàmù dúró sẹ́yìn díẹ̀, fáàfù á sì sún mọ́ písítìn. Mo fara mọ́ fífá tó kéré láti mú ojú rẹ̀ tẹ́jú nìkan, kí a fi písítìn ra ìfúnpọ̀. Bí ẹ bá yí káàmù padà, ẹ má gbára lé ìwé tó bá a wá. Ẹ fi àmọ̀ ìṣeré ọmọdé lé orí písítìn kan, ẹ da orí ẹ́ńjìnì padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti fúnpọ̀, ẹ so bẹ́líìtì, ẹ fi ọwọ́ yí kíránkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí ẹ tú u. Ẹ fi ọ̀bẹ la àmọ̀ náà, ẹ wọ̀n ibi tó fẹ́lẹ́ jù: kò gbọ́dọ̀ dín ní 2 mm níbi fáàfù ìwọlé, tàbí 2.5 mm níbi fáàfù ìjáde. Ti ìjáde gbọ́dọ̀ jù torí òun ló ń gbóná, tó sì ń gùn sí i.

Fílítà ńkọ́? Èyí tó rí bíi kónì, tí wọ́n ń so sínú ilé ẹ́ńjìnì láìbò, ariwo rẹ̀ ló ń tà á. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 33°C, tí ti inú ilé ẹ́ńjìnì jẹ́ 60, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti fúyẹ́ ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ẹṣin 140, ẹṣin 11 ti lọ. Páìpù láti ẹ̀yìn bọ́ńpà àti àpótí tó pa á dé ṣe ju ọ̀pọ̀ káàmù olówó ńlá lọ. Ti ẹ́sọ́ọ̀sì, mánífóòlù onípáìpù mẹ́rin tó di méjì kó tó di ọ̀kan sàn fún títì wa, èyí tó lọ láti mẹ́rin sí ọ̀kan tààrà wà fún ẹni tí kì í kúrò ní ìyípo gíga.

Ẹ má fi káàmù gígùn sínú ọkọ̀ tó máa ń lọ sí Kùtọ̀nú láàárọ̀. Ìdúró rẹ̀ kì í fara balẹ̀, agbára rẹ̀ kì í jí lábẹ́ 4000, ìrìn wa níwájú afárá sì jẹ́ ti 1500.

Tọ́bò wàyí. Afẹ́fẹ́ tí a bá fúnpọ̀ ń gbóná, ìṣirò rẹ̀ kò fojú sáájú ẹnikẹ́ni. Ní 33°C, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ (apá tọ́bò tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ń tú afẹ́fẹ́ jáde ní nǹkan bí 87°C ní búùsìtì 0.5 bar, ní nǹkan bí 129°C ní 1 bar. Íntàkúlà, rẹdiétọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, tó bá mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tó kún un kúrò, á mú èkíní wá sí 49°C, èkejì sí 62°C. Lórí ẹ̀sáǹsì tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ìyàtọ̀ 49 sí 62 yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ àti èyí tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹrù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dúró sí 0.4 dé 0.5 bar. Àjàṣẹ́ wà létí omi, kò ga ju òkun lọ púpọ̀, torí náà àǹfààní tí tọ́bò ní lórí òkè gíga kò kàn wá.

Íntàkúlà dára níwájú rẹdiétọ̀, àmọ́ ó ń dí i lójú. Ẹ fi rọ́bà fóòmù dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà, íntàkúlà àti rẹdiétọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ẹ̀gbẹ́ sá. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọjọ́ kan, ó sì ń mú ooru wálẹ̀ ju kí a ra rẹdiétọ̀ tó tóbi tí a kò dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjà tòkunbọ̀ Kùtọ̀nú kún fún tọ́bò. Èyí tó pọ̀ jù lọ wá láti inú ẹ́ńjìnì gásóyì, ìyẹn sì ni mo ń kìlọ̀ fún. Èéfín gásóyì kì í sábà kọjá 800°C. Ti ẹ̀sáǹsì lábẹ́ ẹrù lè dé 950. Ọ̀pọ̀ tọ́bò gásóyì ní abẹ́ tó ń ṣí tó ń pa nínú ilé èéfín, àwọn abẹ́ yìí á gan nínú ooru náà, búùsìtì á sì ga láìdúró. Ẹ wá tọ́bò ẹ́ńjìnì ẹ̀sáǹsì: K03 ti Audi àti Volkswagen 1.8T, TD04 ti Volvo 850, Saab àti Subaru. TD04 ni mo yàn fún 1.8, nítorí K03 á gbé agbára dé kíákíá ṣùgbọ́n á rẹ̀ lókè. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ fi ìka méjì mú ọ̀pá rẹ̀: bí ó bá ń lọ síwá-sẹ́yìn lọ́nà tí ọwọ́ ń mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ kò kan ògiri, ìyẹn kò burú, bẹ́árìn náà ń fi ọ́ìlì kún àyè rẹ̀ ni. Ẹ wo etí abẹ́ ìwọlé: bí ó bá ní géńgé, òkúta tàbí nǹkan míì ti kọjá níbẹ̀, kò tún ní bálánsì mọ́.

Ọ́ìlì ló ń pa tọ́bò, èyí tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé. Ọ́ìlì ń wọ tọ́bò pẹ̀lú agbára, ó sì ń jáde bíi fóòmù tí kò ní agbára kankan, àyàfi kó ṣàn sílẹ̀. Páìpù ìjáde gbọ́dọ̀ ní àyè inú tí kò dín ní 13 mm, kó máa lọ sísàlẹ̀ láìtẹ̀ sókè níbikíbi, kó sì wọ inú agbada ọ́ìlì lókè ibi tí ọ́ìlì dúró sí. Bí ó bá wọ ìsàlẹ̀ ọ́ìlì, ọ́ìlì á dúró nínú tọ́bò, á gba etí ọ̀pá tọ́bò yọ, èéfín búlúù á bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì á sọ pé tọ́bò ti bàjẹ́, ẹ óò ra òmíràn, òmíràn náà á tún máa rú èéfín. Ní ti ìwọlé, tọ́bò oníbọ́ọ̀lù bẹ́árìn nílò ihò kékeré bíi 1 mm láti dín ọ́ìlì kù. Èyí tí kò ní bọ́ọ̀lù kò sábà nílò rẹ̀. Ọ́ìlì 5W-40 síńtẹ́tíìkì, pààrọ̀ ní 5000 km. Kí ẹ tó pa ọkọ̀ lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ọ́ìlì tó bá dúró sójú kan nínú tọ́bò gbígbóná ń di èédú, èédú náà ló ń di ihò ọ́ìlì.

Ṣé a gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnì kí tọ́bò tó wọ̀ ọ́? Fún 250 Nm lórí ẹ́ńjìnì tó lera, rárá. Ẹ wọn ìfúnpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, tí ẹ tẹ tọ́ọ̀tù (ẹsẹ̀ ẹ̀sáǹsì) sílẹ̀ pátápátá: sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra ju 1 bar lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi afẹ́fẹ́ dán jíjò wò. Lábẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dára, bó bá ti kọjá 20, ẹ tú u. Agbára yíyí ló ń tẹ ọ̀pá písítìn, iye ẹṣin kọ́. Ẹni tó bá gbé 250 Nm wá ní 3000 ń fìyà jẹ ọ̀pá ju ẹni tó jẹ́ kó wá ní 4500.

Bí ẹ bá ti tú u, ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó ń gbẹ́ sìlíńdà kì í béèrè: àlàfo ẹnu ríìnì, òrùka irin tó yí písítìn ká. Fún ihò 83 mm, ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò ń fẹ́ nǹkan bí 0.33 mm ní ríìnì òkè. Alátọ́bò ń fẹ́ bíi 0.42, kí ti ríìnì kejì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bí àlàfo náà bá kéré, ríìnì á gùn nínú ooru, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á kan ara wọn, kò ní sí ibi tí yóò lọ mọ́, á fọ́ etí písítìn. Ẹni tó bá rí písítìn tó fọ́ bẹ́ẹ̀ á dá ẹ̀sáǹsì lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ fáìlì kékeré ni ì bá ti gbà á là. Ẹ tẹ̀ lé ìwé tó bá písítìn wá bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi. Písítìn tí wọ́n fi òòlù rọ, tí álọ́ì rẹ̀ jẹ́ 2618, ń fẹ́ àyè 0.08 dé 0.10 mm nínú sìlíńdà. Á máa lu ògiri kọ̀kọ̀ láàárọ̀ kó tó gbóná, ẹ má bẹ̀rù.

Púlọ́ọ̀gì: tọ́bò ń fẹ́ èyí tó tutù ní ìpele kan, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.7 mm dípò 1.0 tàbí 1.1. Lọ́dọ̀ NGK, nọ́ńbà tó ga ló tutù: láti BKR6E lọ sí BKR7E. Lọ́dọ̀ Bosch, òdì kejì ni. Ẹni tó bá lọ sọ́jà kó ra Bosch tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, pẹ̀lú èrò NGK lọ́kàn, èyí tó gbóná ló gbé wálé, ẹnu púlọ́ọ̀gì yẹn á máa tanná sí ẹ̀sáǹsì kí iná tó dé.

Ínjẹ́tọ̀, ẹnu tó ń fọ́n ẹ̀sáǹsì: fún ẹṣin 200 pẹ̀lú tọ́bò, bí a kò bá fẹ́ kó ṣí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè tú bíi cc 390 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ra 440. Aláìní-tọ́bò ti ẹṣin 180 kò fẹ́ ju 300 lọ. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì tó ṣeé tò, MegaSquirt tàbí èyí tó jọ ọ́, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún tọ́bò, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ wideband nínú ẹ́sọ́ọ̀sì, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó sí ẹ̀sáǹsì. Lábẹ́ ẹrù kíkún, mo ń fi afẹ́fẹ́ sí ẹ̀sáǹsì ní 12.8 dé 13:1 láìsí tọ́bò, 11.5 pẹ̀lú tọ́bò. Ìṣíwájú iná (bí iná púlọ́ọ̀gì ṣe ń tàn ṣáájú kí písítìn tó dé òkè), ẹ dín in ní ìwọ̀n (degree) 12 dé 14 lórí búùsìtì 1 bar, ìyẹn 6 dé 7 ní 0.5, kí ẹ sì fi ti kpayo kún un.

Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa lè gba ààyè tó tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Agbára ń dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin náà ń rọ ìbúgbàù lójú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbẹ, ó tutù láàárọ̀, ó le sí i, ẹ́ńjìnì tí wọ́n tò lóṣù kẹfà á wá ṣàìní ẹ̀sáǹsì tó, á sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́ lẹ́yìn íntàkúlà ló ń wo èyí sàn, tí a bá fi tábìlì àtúnṣe rẹ̀ kún kọ̀ǹpútà. Ekuru ọyẹ́ tún wà: fílítà bébà tí a ń pààrọ̀ sàn ju ti òwú olóróró, torí ekuru tó fẹ́lẹ́ yẹn ń kọjá nínú òwú tí a kò fọ dáadáa, abẹ́ tọ́bò ló sì kọ́kọ́ ń jẹ.

Kílọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ máa yọ̀ nígbà tí tọ́bò bá ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ọkọ̀ dáhùn bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, tó sì ní ibi tí ó ti ń ra ẹ̀sáǹsì kan náà nígbà gbogbo, kó kọ́ aláìní-tọ́bò, kó dúró sí 10.5:1. Fún ẹni tó ń lọ sí Kétu, tí ìgò ojú ọ̀nà lè jẹ́ gbogbo ohun tó máa rí nígbà tí táńkì bá ń lọ tán, tọ́bò ni, àmọ́ pẹ̀lú sípíríǹgì 0.4 bar lórí wastegate, ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí èéfín yà kúrò lọ́nà tọ́bò bí búùsìtì bá ti tó. Búùsìtì kì í wálẹ̀ ju ti sípíríǹgì lọ: ẹni tó fi sípíríǹgì 0.8 sí i ti ti ara rẹ̀ mọ́ 0.8, kọ̀ǹpútà kò lè gbà á sílẹ̀. Lórí 0.4 yẹn, ẹ kọ ètò iná méjì sínú kọ̀ǹpútà, kí bọ́tìnnì kan máa yàn láàárín wọn. Ti ilé epo ń jẹ́ kí búùsìtì gòkè dé 0.5, ti kpayo ń fi búùsìtì sílẹ̀ sí 0.4, ó ń fa iná sẹ́yìn ní ìwọ̀n 4 sí i, ó sì ń fi ààlà ìyípo sí 6000. Ọkọ̀ á wúwo díẹ̀ lórí ti kejì. Ẹ yí i sí ti kejì kí ẹ tó da ìgò náà sínú táńkì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ariwo.